Kẹ̀kẹ́ Tó Ṣeé Ká: Táyà Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Àbámẹ́ta, Kàbbà

Ọ̀kún o. Ọyẹ́ ti dé, eruku pupa ti bo ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká ló sì wà lọ́kàn mi lónìí. Bó ṣe fúyẹ́ tó ni àwọn tó fẹ́ rà á máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Lójú tèmi, nọ́ńbà ara táyà ló ṣáájú.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì lè jọ jẹ́ íńṣì 20 kí táyà wọn má bára mu. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Tẹ́ ẹ bá rí 47-406 (47 ni fífẹ̀ táyà, 406 ni ìdábùú irin tí táyà jókòó lé, ní mìlímítà), ẹ fọkàn balẹ̀: táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó wà lọ́jà lè wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ 451, tàbí 349 tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Brompton, kẹ̀kẹ́ kíká ti Lọ́ńdọ̀nù, ń lò fún ẹsẹ̀ íńṣì 16 wọn, ọjọ́ tó bá bẹ́ lọ́nà Ìsánlú, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn délé. Kí fífẹ̀ táyà má dín ní íńṣì 1.75, torí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó kéré a máa há sínú kòtò tí èyí tó tóbi ń gùn kọjá.

Oríkèé àárín, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ká, ló kàn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mí ẹni tó ń gùn ún wà. Ẹ tì í pa, ẹ di búréèkì iwájú mú, kẹ́ ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ síwá-sẹ́yìn. Tí oríkèé bá ń mì, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́fà rẹ̀, ọwọ́ irin tẹ́ ẹ fi ń tì í pa, gbọ́dọ̀ gba agbára àtẹ́lẹwọ́. Tí ìka kan bá lè tì í, ó ti dẹ̀. Ẹ fi sípánà fún un díẹ̀díẹ̀, torí àfúnjù náà ń dá lẹ́fà. Níbi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀, tí ọ̀dà bá là tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó ṣeé ṣe kí irin abẹ́ rẹ̀ ti sán.

Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ṣùgbọ́n irin ni àwọn ajórin ẹ̀gbẹ́ títì wa mọ̀ ọ́n jó. Èmi á mú irin, bó tilẹ̀ wọn kílò 14. Ẹni tó ń gbé e wọ mọ́tò Lọ́kọ́ja lójoojúmọ́ lè bá mi jiyàn.

Ìlà kan wà lára ọ̀pá ìjókòó tí kò gbọdọ̀ yọ síta. Tó bá yọ kí ẹsẹ̀ yín tó nà dáadáa, kẹ̀kẹ́ náà ti kéré jù. Tí ọ̀pá bá ń yọ̀ sísàlẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kì í ṣe òróró.

Jíà mẹ́fà tàbí méje tó fún òkè ibí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wáyà búréèkì ń há sí oríkèé.