Bàbà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ nídìí òṣùwọ̀n láàárọ̀ nìyẹn, tó sì gbé denarius Mark Antony, owó fàdákà tí ọ̀gágun Róòmù àtijọ́ yẹn tẹ̀, sílẹ̀ bí ẹni gbé òkúta. Òjò rọ̀. Iná lọ, ó dé. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn.

Bàbà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Lọ́dún 32 sí 31 ṣáájú ìbí Kristi, bí ogun ojú omi Actium ṣe ń bọ̀, ọmọ ogun ń retí owó. Antony po bàbà mọ́ fàdákà, ó ní kí wọ́n tẹ owó fún légíónì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá, kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀ ogun alájẹ̀ lójú kan, lójú kejì, ẹyẹ idì láàárín ọ̀págun méjì, pẹ̀lú LEG (ìkékúrú légíónì) àti nọ́ńbà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbùlà yẹn náà ló gbà á là! Èyí tí fàdákà rẹ̀ dára, wọ́n kó o pamọ́, wọ́n yọ́ ọ. Ti Antony ni wọ́n ń ná. Ó ju igba ọdún lọ tí wọ́n ṣì ń rì í mọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ owó Septimius Severus, olú ọba Róòmù, èyí tí kò ju bí ìdajì fàdákà lọ. Bàbà ta ló wá pọ̀ jù?

Ojú owó kì í sọ òtítọ́ inú rẹ̀, ìyẹn ló ń dunni. Ilẹ̀ máa ń fa bàbà kúrò lára rẹ̀, kí ojú nìkan máa dán, ẹ̀rọ tó bá yẹ ojú wò á ka fàdákà ju bó ti yẹ lọ. Òṣùwọ̀n ńkọ́? Gíráàmù 3.3 sí 3.8 ò bani lẹ́rù. Bó bá fẹ́ẹ́rẹ́ sí 2.8, ẹ wo etí rẹ̀: bí awọ fàdákà bá ṣí, tí bàbà pupa yọjú lábẹ́, bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ eyín fọ̀ ọ́. Fàdákà tó pẹ́ nínú ilẹ̀ lè gbẹ, kó sì ṣẹ́ bí ìsáàsùn. Omi distilled, omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀, ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nọ́ńbà tó ti pa, iná tó wá láti ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé e jáde. X àkọ́kọ́ ló tètè ń parẹ́, XVI (mẹ́rìndínlógún) á wá di VI (mẹ́fà)…

Bóyá onítọ̀hún nídìí òṣùwọ̀n ò ṣẹ̀ rárá. Àmì kékeré kan wà lẹ́bàá àwọn àjẹ̀ ọkọ̀ yẹn, tí ẹnì kan láyé àwọn ará Róòmù fi irin gún, kó lè mọ̀ bóyá bàbà ló wà nínú. Ìbéèrè kan náà. Etí àmì náà sì ti kúnná, ó ń dán: wọ́n gún un tán, wọ́n wò ó, wọ́n sì ń ná an lọ fún ọdún púpọ̀.