Phono preamp tuntun, àti kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 221 sí lára

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló lé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá gbé àwo àpàlà sórí ẹ̀rọ lálẹ́, gángan á máa sọ̀rọ̀ lọ geere, ṣùgbọ́n bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ti wọlé, ṣe ni yóò máa gún mi létí bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta wẹẹrẹ sínú páànù. Bí orin bá sì tán, sípíkà á máa kùn hùùù. Mo ní phono preamp mi, àpótí oníke kékeré kan, ti tó pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Iná tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde láti inú ilà àwo kéré jọjọ. Audio-Technica AT-VM95E ni mò ń lò, mílífóòtì 4 péré ló ń mú wá. Iná inú wáyà ògiri ilé wa ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 50,000 ó lé, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti kó ariwo rẹ̀ bá orin. Nígbà tí wọ́n bá sì ń gé àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ilà má baà fẹ̀ jù, wọ́n á gbé ohùn òkè ga kó lè borí ariwo ara àwo. Ìlànà RIAA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àwo ní Amẹ́ríkà) ti 1954 ni wọ́n ń tẹ̀lé. Phono preamp ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ, tí yóò tún sọ mílífóòtì 4 yẹn di ìlọ́po 100.

Mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá tó ń tún rédíò ṣe ní Ìsọ̀kún, níbí ní Iléṣà. Ojú mi ti wà lára ọ̀kan tó gbówó lórí, tó lè gbé abẹ́rẹ́ MC (moving coil), irú tí iná rẹ̀ kéré gan-an sí ti MM (moving magnet), tó sì nílò ìlọ́po tó pọ̀ jù.

“Ìyá Fẹ́mi, MM ni abẹ́rẹ́ yín. Kí lẹ fẹ́ fi ìlọ́po 1,000 ṣe?”

Òótọ́ ló sọ. Ó tú àpótí mi, ó gbé bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ sábẹ́ iná. Níbi tí wáyà ẹ̀rọ ti ń wọlé, kapásítọ̀ méjì wà níbẹ̀ tí wọn ò ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n kọ 221 sí wọn lára wínníwínní. 22 àti òdo kan ni wọ́n ń wí: 220 pF (picofarad, ìwọ̀n bí kapásítọ̀ ṣe ń gba iná pamọ́ tó) nìyẹn. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà mo ti fi mítà ilé ìwé wọn wáyà ẹ̀rọ mi, torí òun náà máa ń gba iná pamọ́ bíi kapásítọ̀: 140 pF. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360, bẹ́ẹ̀ 100 sí 200 ni àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ náà ní kó jẹ́. Bó bá pọ̀ tó báyìí, ohùn òkè á wú níbì kan kó tó wálẹ̀. Ibi tó wú yẹn gan-an ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi wà!

Kíkùn ńkọ́? Ẹnu wáyà ààtì ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé. Mo fi réésà ha á títí bàbà fi tàn, mo wé e mọ́ ìdí skúrù, mo fún un le. Ó dákẹ́ ju ìdajì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ wáyà yìí wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan.

Àpótí àtijọ́ náà ṣì ń ṣe ṣììì lábẹ́ orin, ìyẹn ni mo fi ra tuntun. MM nìkan ni èyí tí mo mú, adápítọ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ó sì ní ibi tí a ti lè yan 50, 150 tàbí 250 pF. Mo yan 50, ó di 190. Alẹ́ Sátidé, mo fi àwo I.K. Dairo sí i, mo sì gbọ́ atẹ́gùn tó ń wọ inú accordion kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Mo dá a padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú àpàlà náà ti wá ń dún bí igbá àti ìlẹ̀kẹ̀.

Owó tó ṣẹ́ kù, mo ti yà á sọ́tọ̀ fún abẹ́rẹ́, torí VM95 gbà kéèyàn yọ abẹ́rẹ́ nìkan, kó fi èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i.