Bí mo ṣe rí owó ṣe PhD lórí èdè Breton ní Faransé, àti ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣubú

Àwọn tó ń bi mí níkọ̀kọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí kí n sinmi. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti Benin, ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu PhD lórí èdè Breton. Rárá o, kì í ṣe èdè Faransé. Ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, àmọ́ èdè àwọn ará Wales ló bá tan.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, mo kọ ojú ìwé mẹ́wàá nípa "èdè tó ń kú lọ", mo kó UNESCO sí i, mo kó gbogbo gíràmà tí mo mọ̀ sí i, mo wá fi ránṣẹ́ sí yunifásítì mẹ́rin. Mẹ́ta ò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Ìkẹrin bi mí ní ìbéèrè méjì péré: ṣé ẹ gbọ́ Breton, ọ̀jọ̀gbọ́n wo lẹ sì ti bá sọ̀rọ̀? Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ ẹ rò ó wò náà, kí òyìnbó kan kọ̀wé sí Ifẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe PhD lórí oríkì, kó má sì mọ "ẹ káàárọ̀".

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé owó yẹn kì í wá bá èèyàn lásán, ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n àti ilé ìwádìí wọn ló ń gbà wá. Wọ́n ń pè é ní contrat doctoral, ọdún mẹ́ta ni, òṣìṣẹ́ ni wọ́n kà ẹ́ sí, ní 2026 yìí ó ti di 2,300 euro lóṣù kí wọ́n tó yọ tìjọba kúrò. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní HDR, ìyẹn ìwé tó fún wọn láṣẹ láti darí PhD, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ kọ iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà lẹ máa wá dúró níwájú ìgbìmọ̀, ìyẹn sábà máa ń bọ́ sí May tàbí June. Owó kejì ni ti région, ìyẹn ìjọba ẹkùn. Ní Bretagne, ẹkùn tí wọ́n ti ń sọ Breton, wọ́n ń pè é ní ARED, àmọ́ wọn kì í sábà san gbogbo ẹ̀, apá kan ni wọ́n ń san, ilé ìwádìí ló máa lọ wá ìyókù, torí náà kẹ́ ẹ tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè pé ta ló máa san ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èdè Occitan ní Toulouse tàbí Montpellier, Basque ní Bayonne, tàbí èdè Corsica ní Corte, kó bi ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Ẹ má kan gbójú lé ìjọba Paris o. Láti 1992 ni òfin wọn ti sọ pé Faransé ni èdè ìlú, ní 2008 wọ́n ní ogún orílẹ̀-èdè ni àwọn èdè yòókù, ọ̀rọ̀ tó dùn létí, kò sówó nínú ẹ̀.

Mo padà lọ ṣe master, mo sì fi oṣù mẹ́fà jókòó sí kíláàsì Breton àwọn àgbà, láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Hmm! Baba ni tad, baba mi ma zad, baba rẹ da dad. Mo wá "zad" nínú díkíṣọ́nárì títí, kò sí níbẹ̀, àṣé lẹ́tà iwájú tad ló ń yí padà. Ibi tí inú mi ti dùn ni kíkà: ogójì wọn, ogún méjì ni, daou-ugent, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin. Àwọn ọmọ Faransé tá a jọ wà ní kíláàsì ń kùn, èmi ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo lọ gbé abúlé kan, mo fi "demat" kí màmá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ní inú ìwé ni mo ti rí ìyẹn, pé "Mat an traoù?" làwọn ń sọ, bíi ká ní ṣé gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Wọ́n wá padà sí Faransé, wọn ò fẹ́ bá mi sọ Breton mọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó sọ fún wọn pé nílé ìwé wa, tó o bá sọ Yorùbá, wọ́n á so signal, ìyẹn ohun kan tí wọ́n fi ń dójú tini, kọ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ ẹ ló máa wà títí wàá fi mú ẹlòmíì tó sọ ọ́. Màmá dákẹ́. Wọ́n ní tiwọn ń jẹ́ "màálù". Láti ọjọ́ yẹn, Breton ni.

Ìwádìí tí région ṣe ní 2018 rí nǹkan bíi 207,000 tó ń sọ ọ́, ti 2024 rí 107,000. Irú àwọn màmá yìí ló ń lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ ẹ má dúró de owó.

Ohun kan ṣì kù tó lè dùn yín lápò. Àwa tí kì í ṣe ará Yúróòpù, master lè tó bíi 3,900 euro lọ́dún, àfi tí yunifásítì bá dín in kù, PhD sì jẹ́ nǹkan bíi 400. Ẹ bi wọ́n ní tààràtà bóyá wọ́n ń dín in kù kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, mi ò bi tèmi, ọdún kan gbáko ni mo fi san gbèsè yẹn.