Ife àti Korobá: ẹ̀rọ méjì tí mo fi fọ afẹ́fẹ́ yàrá ọmọ mi

Ilé wa, lọ́nà Ọ̀bà-Ilé ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí irú ibẹ̀ rí ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Lọ́sàn-án, ariwo ayùn. Lálẹ́, wọ́n á tiná bọ ìyẹ̀fun pákó, kò ní jó fòfò, kò sì ní kú, á kàn máa rú èéfín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wá fi ọyẹ́ lé e, pẹ̀lú eruku tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀, láti ìhà Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì lọ́hùn-ún. Tí mo bá nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sí i lórí.

Ọmọ mi ọkùnrin ní ikọ́ fée. Lọ́yẹ̀ẹ́ tó kọjá, alẹ́ mẹ́ta léra wọn ni mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, tí àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè. Dókítà rẹ̀ kò ní kí n lọ ra ẹ̀rọ kankan o. Ohun tó sọ ni pé kí ínhélà máa wà nítòsí, kí a sì gbé èéfín àti eruku jìnnà sí i. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ ra ẹ̀rọ tí àwọn tó ń tà á ń pè ní air purifier.

Ọ̀nà Arákàlẹ̀ ni mo ti ra àkọ́kọ́. Ó kéré, ó rí róbótó bí ife tíì, ni mo bá sọ ọ́ ní Ife. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi tẹ bọ́tìnnì kan, iná búlúù tàn yí ìdí rẹ̀ ká. Ó kán òróró olóòórùn dídùn sí i lórí, ló bá ní, “Mọ́mì, ẹ fa èémí sínú kẹ́ ẹ wò ó. Pálọ̀ yín pátá ni nǹkan yìí máa gbá mọ́.” Mo fa èémí sínú. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo gbọ́. Mo sanwó. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó mọ̀ pé òróró yẹn ń da nǹkan kún afẹ́fẹ́ ni, kò yọ nǹkan kan níbẹ̀: ọmọ tí mo tìtorí rẹ̀ rà á gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nígbà tí mo kán an sí i.

Ìyàwó àbúrò mi ló ni ìkejì. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ìlú Òyìnbó, ó tó korobá ọ̀dà kékeré, orúkọ tó jẹ́ lọ́dọ̀ mi náà nìyẹn. Ìyàwó wa ti jìyà kó tó ní i. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rà fún un láti Amẹ́ríkà, iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn kò sì bá iná ilé wa níbí mu. Ó ní ó dún “tàú” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn rọ́bà jíjó gba ilé kan, ó tán. Ẹ máa yí ìdí ẹ̀rọ sókè kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. 220 sí 240 lẹ́ ẹ̀ ń wá. Nígbà tó gbọ́ nípa ọmọ, ó ní, “Ìyá ọkọ mi, ẹ gbé e lọ ná, ẹ fi wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Bó ṣe di pé ẹ̀rọ méjì bá ara wọn nínú yàrá kan náà nìyẹn.

Yàrá ọmọ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 12, àjà rẹ̀ ga tó 9. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di mítà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó nǹkan bíi kúbíìkì mítà 30. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, torí òun ni ọmọkùnrin ọ̀nà Arákàlẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ mi. Lára páálí ẹ̀rọ tó bá jẹ́ ojúlówó, wọ́n á kọ CADR síbẹ̀: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mímọ́ tó ń tú jáde ní wákàtí kan. Ti Ife, lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀ páálí, jẹ́ kúbíìkì mítà 45. Ti Korobá jẹ́ 150. Ẹ pín in sí 30: Ife á fọ afẹ́fẹ́ yàrá náà lẹ́ẹ̀kan àbọ̀ ní wákàtí, Korobá á fọ̀ ọ́ nígbà márùn-ún. Ní 2023, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àrùn, dámọ̀ràn pé kí afẹ́fẹ́ mímọ́ máa yí inú yàrá ká tó ìgbà 5 ní wákàtí kan. “Pálọ̀ yín pátá” tí wọ́n sọ fún mi, ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kí wọ́n pè é.

Ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní mítà kékeré kan tó fi ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. PM2.5 ló ń wọ̀n, ìyẹn eruku àti èéfín tó kéré débi pé fọ́nrán irun orí kan nípọn tó ìlọ́po 30 rẹ̀, irú èyí tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó sí. Ó yá mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, láti 2021, kí ìpíndọ́gba ọjọ́ kan má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé mítà náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, 90 ló kà. Nínú yàrá ọmọ, tí fèrèsé wà ní títì, 75. Ara mi bù máṣọ. Gbogbo ìgbà tí mo ń pariwo pé “Ẹ ti fèrèsé o, èéfín!”, mo rò pé mo ti ṣe gudugudu méje. Fèrèsé wa jẹ́ lúfà, àlàfo tó wà láàárín gíláàsì rẹ̀ tó fún èéfín láti gba ibẹ̀ kọjá láìkanlẹ̀kùn.

Alẹ́ kejì, mo gbé Ife kalẹ̀, mo gbé e dé ìpele tó ga jù. Lẹ́yìn wákàtí méjì, mítà kà 40 àti díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó ń kùn bíi kòkòrò tó há sínú ìgò. Alẹ́ kẹta, Korobá, ìpele tó ga jù: 15. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pe ìyàwó wa ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ò lè sùn, ó ní ó dà bíi pé ọkọ̀ òfuurufú wà nínú yàrá òun. Mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya òṣùpá sí, ìyẹn ìpele oorun, ilé sì pa rọ́rọ́. Nígbà tí mo jí láti lọ tọ̀ ní aago mẹ́ta, mo wo mítà. 38.

Ojú mi là lórí nọ́ńbà yẹn. CADR tí wọ́n kọ sára páálí, ti ìpele tó ga jù ni, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè sùn tì. Ní ìpele oorun, Korobá tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Ife kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Ife. Ìpele àárín ni mo wá gbà sí: ó ń dún bí òjò tó ń rọ̀ lókèèrè, mítà sì dúró sí 20 tàbí 21. Kí ọmọ tó wọlé sùn, mo máa ń gbé e sókè pátápátá fún ìdajì wákàtí, ilẹ̀kùn á wà ní títì, lẹ́yìn náà ni mo ń dá a padà sí àárín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n tàn án fún yín ní ìpele àárín ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ sì fetí sí i. Kí CADR rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí yàrá yín ń fẹ́ lọ, kó lè ṣẹ́ kù nígbà tẹ́ ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Fílítà ló kàn, ibi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́ nìyẹn.

Àwa tí a mọ asẹ́ ògì, a máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni HEPA, irú fílítà tó ń mú eruku wínníwínní, ṣe ń ṣiṣẹ́: ohun tó tóbi há sókè, ohun tó kéré jò sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ló dí mọ́ra wọn bí òpópó tóóró tó ń kọ́rọ. Eruku ńlá dà bí ọkọ̀ akẹ́rù, kò lè yí kọ́nà, á lọ kọlu ògiri. Èyí tó kéré jù dà bí ọ̀mùtí, ó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ kiri, òun náà á kọlu ògiri. Èyí tó wà láàárín, tó tó 0.3 máíkírọ́ọ̀nù, ló mọ ọ̀nà sá jù, òun ni wọ́n sì fi ń dán fílítà wò. Ojúlówó HEPA gbọ́dọ̀ mú 99.97 nínú 100 rẹ̀. “HEPA-type” ni wọ́n kọ sára Ife. Ọ̀rọ̀ “type” yẹn, ẹ kà á bí ẹni tó ní òun “jọ” ọmọ ọba.

Nígbà tí mo lo Ife dé oṣù kẹta, mo tú u. Fílítà tó funfun bí òwú ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa, pẹ̀lú ilà dúdú láàárín ìṣẹ́po rẹ̀, bí èéfín ẹ̀yìn ìkòkò. Mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Ó gbẹ, ó sì funfun díẹ̀. Mo dá a padà, mo tún gbé mítà kalẹ̀: 70. Omi ti da àwọn fọ́nrán yẹn rú. Àwọ̀n tó bo ojú fílítà nìkan lèèyàn lè fọ̀ tàbí kó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá. Fílítà HEPA fúnra rẹ̀, tí ìwé ẹ̀rọ kò bá sọ pé ẹ lè fọ̀ ọ́, ẹ má fomi kàn án. Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín títí. Mo jẹ́ kó rín tán, mo wá rán an létí pé òun náà lo Korobá fún ọjọ́ mẹ́rin láìyọ ọ̀rá tí wọ́n fi wé fílítà tuntun.

Ẹ béèrè fílítà kẹ́ ẹ tó béèrè ẹ̀rọ. Mo wá ti Ife láti Arákàlẹ̀ dé Ọjà Ọba, kò sí. Ẹni tó tà á fún mi ní wọn ò kó irú rẹ̀ wọlé mọ́, kí n kúkú ra ẹ̀rọ mìíràn.

Lórí iná, Ife borí, kò sí àríyànjiyàn. Wáyà fóònù ló ń lò, wáàtì 9 péré ló ń jẹ. Lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, mo máa ń so ó mọ́ páwábáǹkì 20,000, á sì bá wa dé bí aago mẹ́rin ìdájí. Korobá ń jẹ wáàtì 25 ní ìpele àárín: wákàtí 8 lálẹ́ kan, yúníìtì 6 lóṣù. Ìyẹn kì í ṣe owó tó ń dun èèyàn, àmọ́ bí iná bá ti lọ, ó kú nìyẹn, àyàfi tẹ́ ẹ bá ní bátìrì sólà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú yàrá kékeré, tó ń gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, mi ò ní bá a wí tó bá ra irú Ife, bó bá ṣáà ti rí fílítà rẹ̀ rà. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “ion” sí wà lára Korobá. Mi ò tàn án rí, torí irú rẹ̀ lè máa tú gáàsì kan tó ń jẹ́ ozone jáde, ozone sì ń ta ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ṣẹlẹ̀ lálẹ́ kan tí kò sí iná. Aládùúgbò wa gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé wa nítorí olè. Mo so Korobá mọ́ bátìrì sólà àbúrò mi, mo ti fèrèsé, mo fọkàn balẹ̀ sùn. Orí fífọ́ ló jí mi. Ọmọ ń kérora, ó ní èébì ń gbé òun. Mo wo ojú ẹ̀rọ: iná rẹ̀ tutù bí ewé, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ dára. Mo gbé ọmọ, mo ṣílẹ̀kùn, a bọ́ síta. Carbon monoxide tó ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ṣe eruku. HEPA kò lè mú un, èédú inú fílítà tó ń mú òórùn kò lè mú un, mítà tó ń ka eruku kò sì mọ̀ pé ó wọlé. Láàárọ̀, a lọ bẹ aládùúgbò náà, ó gbé e jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Kò bínú, òun náà ní ọmọ.

Mo dá Korobá ìyàwó wa padà, mo sì ra tèmi pẹ̀lú fílítà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi nẹ́líọ́ọ̀nù àti sẹ́lótéèpù dí ẹ̀gbẹ́ lúfà yàrá ọmọ náà, iye mítà sì tún wálẹ̀ díẹ̀. Ínhélà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ife wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, láìní fílítà nínú. Ọmọ mi fẹ́ràn iná búlúù ìdí rẹ̀, òun ló ń tàn sùn. Lára fílítà tó wà nínú Korobá, mo fi bírò kọ ọjọ́ tí mo fi í sí i, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá fi sílẹ̀ láìkọ, oṣù kẹwàá á bá a níbẹ̀.