Kí Server Tó Dákú, Ẹ Ti Mọ Ọ̀nà Tí Ẹ Máa Gbà Wọlé

Tí wọ́n bá fa rack tuntun (àgbékọ́ irin tí wọ́n ń to server sí) lé mi lọ́wọ́, iye core àti iye mẹ́mórì kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mo máa ń béèrè pé: wáyà BMC dà? Switch wo ló lọ? Ta ló ní páswọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́wọ́? Bí kò bá sẹ́ni tó lè dá mi lóhùn, mi ò tíì gba rack yẹn nìyẹn, bó ti wù kí àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ lágbára tó.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni BMC (baseboard management controller), orí bọ́ọ̀dù server gan-an ló ń gbé. Ó ní àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, bí iná bá sì ti ń wọ power supply, ó wà lójúfò, ẹ tan server o, ẹ pa á o. Dell ń pe tiwọn ní iDRAC, HPE ń pè é ní iLO. Ọdún 1998 ni Intel, Dell, Hewlett-Packard àti NEC jọ gbé ìlànà IPMI jáde, òun ló jẹ́ kí irinṣẹ́ kan ṣoṣo, ipmitool, lè bá ẹ̀rọ oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Òru tí server bá dákú lẹ máa mọ rírì rẹ̀. Ẹ ping rẹ̀, kò dáhùn. Ẹ gbìyànjú SSH, ọ̀nà tí à ń gbà wọlé sórí server láti òkèèrè, kò jẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sáré pa iná rẹ̀ kí wọ́n tún un tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣí console rẹ̀ (ohun tí ẹ̀ bá rí lójú mọ́nítọ̀ rẹ̀) látojú BMC, kí ẹ ya àwòrán ohun tó wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni kernel, ọkàn ètò tó ń darí server, sábà máa ń sọ ohun tó ṣe é kó tó ṣubú. Tí ẹ bá ti pa iná, ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ. (Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ConMan: tọ̀sán-tòru ló ń kọ gbogbo ohun tí console ń sọ sínú fáìlì, ẹ wà níbẹ̀ o, ẹ ò sí níbẹ̀ o.) Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo `ipmitool sel elist`, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ BMC. Bí mẹ́mórì bá ní àṣìṣe tí ECC (ohun tó ń tún àṣìṣe mẹ́mórì ṣe) kò lè tún ṣe, bí fáànù kan bá dúró, bí power supply kan bá kọṣẹ́, ó yẹ kí ẹ bá a níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ rí i pé aago BMC bá ti server dọ́gba, ẹ fi NTP, tó ń tún aago ṣe látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sí i. Aago tó bá ṣìnà máa ń jẹ́ ká di ẹ̀bi ru ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Nínú ìlànà IPMI 2.0 fúnra rẹ̀, ẹni tó bá ti dárúkọ user tó wà lórí BMC máa rí hash (àmì tí wọ́n fi páswọ́ọ̀dù ṣe) ti user náà gbà, kó tó di pé ó fi hàn pé òun mọ páswọ́ọ̀dù ọ̀hún. Ó wá lè gbé hash náà lọ, kó jókòó tì í títí tó fi máa já a. Kò sí update tó lè wo èyí sàn, torí ìlànà ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ ni BMC gbọ́dọ̀ wà, port 623 rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì láéláé. Lórí ẹ̀rọ tuntun, Redfish, ìlànà tó ń ṣe irú iṣẹ́ IPMI, tí ẹgbẹ́ DMTF gbé jáde lọ́dún 2015, ni mo máa ń lò. Orí HTTPS ló ń gbà, JSON ló fi ń dáhùn, irinṣẹ́ curl lásán sì tó láti bá a sọ̀rọ̀.

Tó bá wá di cluster, ìyẹn ọ̀pọ̀ server (a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní node) tó jọ ń ṣiṣẹ́, ńkọ́? Server tó bá kú níbẹ̀ kì í dà mí láàmú púpọ̀, gbogbo wa la ti rí i. Èyí tó ń gba oorun lójú mi ni èyí tó wà láàyè, ṣùgbọ́n tí kernel rẹ̀ ti gbó, tàbí tí BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) yàtọ̀, tí iṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ ń ṣe wá ń falẹ̀ nítorí òun nìkan. ClusterShell, tó ń ran àṣẹ kan sí gbogbo node lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo fi ń wá irú rẹ̀. Ẹ tẹ `clush -bw node[01-64] uname -r`, àwọn tó dáhùn bákan náà máa kóra jọ sójú kan, ẹyọ kan tó yàtọ̀ á sì dá dúró gedegbe. Ó máa ń dùn mọ́ mi bí mo bá rí i tó yọ sójú bẹ́ẹ̀. Ansible ni mo fi ń tún un ṣe, torí SSH àti Python ló nílò lórí node, kò sí agent (ètò àfikún) tí ẹ máa fi síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Pacemaker, ètò tó ń ṣọ́ cluster kí iṣẹ́ má bàa dúró, tún gbé wa padà sọ́dọ̀ BMC. Ẹ jẹ́ ká sọ pé node méjì ló ń ṣọ́ dísíìkì kan, tí wọn ò sì gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Ìkíní kò lè mọ̀ bóyá ìkejì ti kú, tàbí wáyà ló já. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń kọ nǹkan sórí dísíìkì náà, dátà bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí fencing fi wà: node kan máa gba ọ̀dọ̀ BMC ìkejì lọ pa iná rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan dísíìkì. Mo máa ń rí àwọn tó pa fencing tì nítorí pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà ìdánwò. Ẹ má ṣe é. Ohun kan ṣì wà o: bí iná bá kúrò pátápátá lára server, BMC náà kú nìyẹn, kò sì ní sẹ́ni tó máa jẹ́rìí pé node ti kú. Nítorí náà ni mo fi ń ṣe fencing kejì sórí PDU tó ń fún rack níná.

Ó wá ku àwọn tó ń ta support. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa. "Wákàtí mẹ́rin" sábà máa ń jẹ́ àkókò tí wọ́n máa dá yín lóhùn tàbí tí wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ yín. Wọn ò ṣèlérí pé ẹ̀rọ á ti jí. Ìlérí pé wọ́n máa tún un ṣe tán láàárín àkókò kan, ọ̀tọ̀ ni, owó rẹ̀ sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú NetBox, ètò tí mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, ni mo ń kọ serial number kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú rack tó wà, U (ipò nínú rack) tó wà, àti ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ máa parí. Kí n tó pè wọ́n, mo ti gba log SupportAssist lórí iDRAC tàbí Active Health System lórí iLO, mo sì ti fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá gba ìpè yín kò ní rí ìdí láti ní kí ẹ yọ mẹ́mórì, kí ẹ tún un kì, nígbà tí log ti dárúkọ èyí tó bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀ bá dé, ẹ rántí pé rack 42U tó kún máa ń ní ẹ̀rọ tó jọra wọn bí ìbejì. Ẹ lo `ipmitool chassis identify force` kí iná ìdánimọ̀ rẹ̀ máa tàn níwájú àti lẹ́yìn, torí ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ló máa lò tí ẹ ò bá fi force sí i. Kó sì tó fa ohunkóhun yọ, kó ka serial number tó wà lára ẹ̀rọ náà sí yín létí.