Ó ku méjì kó pé méje

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá ni Màámi kú. Sáàmù 91 wà lẹ́nu mi nígbà tí wọ́n wá pè mí.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ìjọ Aládùúrà bíi tèmi, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: omi nínú ife, àbẹ́là, Sáàmù tí wọ́n yàn fúnni, àti iye ìgbà tí a ó kà á. Wọ́n ní kí n ka 91 lẹ́ẹ̀méje lóru fún Màámi tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Mi ò lè tan àbẹ́là níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé ìgò omi síwájú ẹsẹ̀ mi lórí bẹ́ǹṣì ìta, mo sì ń fi ìka ka iye rẹ̀. Ìgbà karùn-ún, mo dé ibi tí ẹgbẹ̀rún ti ń ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ ẹni, ni nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá." Ojú rẹ̀ ti sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ dúró, ó ku méjì." Ó di ọwọ́ mi mú. Mo tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku méjì péré."

Ẹsẹ̀ Màámi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ka méjì tó kù. Ẹ̀yin náà mọ ẹsẹ tó parí 91: ẹ̀mí gígùn ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe ká-ní. Ká ní mi ò lọ ra búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ká ní mo tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo gbààwẹ̀ kí n tó kà á. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má bi ọlọ́fọ̀ ní in láé.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo ṣí Ìwé Àdúrà tí Màámi mú wá láti ilé bàbá rẹ̀, nítorí ọmọ Áńgílíkà ni kó tó lọ́kọ. Ìwé yẹn pín Sáàmù 150 sí ọgbọ̀n ọjọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ti àárọ̀ ọjọ́ náà ni 86, 87 àti 88. Mi ò tíì ka 88 rí láyé mi! Wọn kì í yàn án fúnni. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, orin ló fi parí. 88 kò ní orin kankan níparí. Inú òkùnkùn ló parí sí. Síbẹ̀, Ọlọ́run ìgbàlà mi ló pe Ọlọ́run níbẹ̀rẹ̀. Mo ké. Mo jẹun lọ́jọ́ yẹn, mo sì sùn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyí: ẹ ka Sáàmù tẹ̀ léra, ẹ má ṣa á. Èyí tá a bá ń ṣà, ohun tá a fẹ́ gbọ́ nìkan ni yóò máa sọ fún wa. Mi ò bá ìjọ mi jà o, mo ṣì ń wọ aṣọ funfun mi. Ṣùgbọ́n Sáàmù kì í ṣe ọfọ̀, kò sí iye tó gbọ́dọ̀ pé kí Ọlọ́run tó gbọ́. 91 yìí kan náà ni Èṣù kà sí Jésù létí lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì. Lórí àgbélébùú, 22 ni Jésù fi ké, ìyẹn "èé ṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀". Ẹ kà á sókè, kí etí yín gbọ́ ọ. Bí oṣù bá ní ọjọ́ 31, ẹ tún ti ọjọ́ ọgbọ̀n kà. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ bá ti òní lọ, ẹ má san gbèsè. Àti pé, mo tún un sọ, ẹ má ṣa á.

A ti sin Màámi. Ọ̀la ni ọjọ́ kẹtàdínlógún. Mo ti fi bébà sí ojú ewé Sáàmù 88.