Prof àti Yàrá Kéékèèké

Iṣẹ́ tèmi ní yunifásítì ni kí n máa kọ́ àwọn tó ń kọ́ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti di Prof kí n tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi, èmi ni mo ń sọ fún un pé, "Ẹ tẹ ibí, sà. Rárá, sà, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn."

Ìparí ọdún 2020 ni ASUU dá ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́sàn-án dúró, ṣùgbọ́n Kòrónà ò dá tiẹ̀ dúró. Bí 2021 ṣe wọlé báyìí, orí Zoom ni kíláàsì bọ́ sí.

Prof Bọ́tánì wa kan, iwájú ló máa ń jókòó nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń kọ sílẹ̀. Èyí tó wù ú jù ni pé Zoom lè pín akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá kéékèèké láti jíròrò. Ohun tí kò kọ sílẹ̀ ni pé ẹni tó pín wọn, òun nìkan ló máa ṣẹ́ kù sí gbàgede.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan, fóònù mi dún.

"Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ti sá lọ!"

"Àwọn wo, sà?"

"Gbogbo wọn! Mo ní kí wọ́n jíròrò bí irúgbìn gbígbẹ ṣe ń fa omi, ni wọ́n bá pòórá. Mo ti kọ òdo fún gbogbo wọn."

"Sà, inú yàrá ni wọ́n wà."

"Yàrá wo? Ìyàwó mi nìkan ló wà ní yàrá."

Mo júwe ibi tí wọ́n ti ń ti àwọn yàrá náà pa fún un, ó tẹ̀ ẹ́. Zoom kì í sì dá wọn padà lójú ẹsẹ̀, ó máa ń fún wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 60 kí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Baba ò ní sùúrù yẹn. "Kò ṣe nǹkan kan! Ìranù ni ẹ̀rọ yín yìí." Ó pa fóònù.

Mo sáré wọ kíláàsì náà. Prof ti bọ́ táì, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ti rẹ gaàrí Ìjẹ̀bú sínú kọ́ọ̀pù ńlá, ó ń da ẹ̀pà àti ṣúgà sí i, ó sì ń kọrin. Mo pariwo, kò gbọ́. Ó ti ti ohùn ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pa. Ta ló kọ́ ọ? Èmi náà ni.

Ni wọ́n bá ya dé: ẹnì kan, ẹni mẹ́ta, lójijì gbogbo ojú ẹ̀rọ kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣíbí dúró lẹ́nu Prof.

Àgbà ni àgbà ń jẹ́ o. Baba ò tilẹ̀ mi. Ó gbé kọ́ọ̀pù súnmọ́ kámẹ́rà.

"Ẹ wò ó dáadáa. Gbígbẹ ni gaàrí yìí tẹ́lẹ̀. Omi kàn án, ó wú. Kí là ń pe èyí?"

"Imbibition, sà!"

"O káre."

Ọmọbìnrin kan wá béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá: "Sà, ṣé ṣúgà yẹn náà máa wà nínú ìdánwò?"

"Ṣúgà ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Ẹ kọ ohun tí mo sọ."